Páálí Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Rùqáyyàh gbé páálí kan sókè, àmọ́ fèrèsé ni ojú rẹ̀ wà.

"Mùízz, lẹ́tà wo nìyí?"

Mùízz kò ronú rárá. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, eyín iwájú rẹ̀ kan ti yọ, ohùn rẹ̀ sì máa ń gba àlàfo eyín náà jáde bí fèrè. "B! Bà-bà-bà, bàtà!"

Rùqáyyàh da àwọn páálí pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ ta wọ́ọ̀tì, ó sì fa ọ̀kan yọ láti ìsàlẹ̀. "Èyí ńkọ́?"

"K! Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀, kẹ̀kẹ́!"

"Èyí?"

"S! Sà-sà-sà, sálúbàtà! Aunty, dis one too easy."

Àwọn ọmọ mẹ́wàá yòókù bú sẹ́rìn-ín. Rùqáyyàh náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ní ìta fèrèsé, lórí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n kó jọ síbẹ̀, ni Islamiyat, ẹ̀gbọ́n Mùízz, jókòó sí tó ń dúró de àbúrò rẹ̀. Kí Mùízz tó pe K, Islamiyat ti fọwọ́ kan etí. Kí ó tó pe S, ó ti họ imú. Rùqáyyàh rí i dáadáa.

"Ẹ̀ẹ̀kan lè jẹ́ eṣinṣin," ó sọ nínú ọkàn rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mejì ńkọ́?"

Yàrá kékeré ni wọ́n wà, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí kan ní Okere, nílùú Warri. Ẹní àti àga ni wọ́n ń kó síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bímbọ́lá, àgùnbánirọ̀ kan tó wá láti Ìjẹ̀bú, ló tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà, pé òun fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ládùúgbò ní lẹ́tà èdè wọn, kí wọ́n sì mọ ìró tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ náà ń gbọ́ Yorùbá nílé, àmọ́ bí o bá sọ ọ́ sí wọn, Pijin ni wọn yóò fi dá ọ lóhùn. Bímbọ́lá gé páálí tí wọ́n fi ń di ọṣẹ, ó kọ lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí i, ọ̀kan lórí páálí kan. Nígbà tí ọdún ìsìnrú ìlú rẹ̀ parí, ó lọ sílé, ó fi páálí sílẹ̀.

Ọmọbìnrin méjì ló jáde pé àwọn lè gba iṣẹ́ náà ṣe. Rùqáyyàh àti Islamiyat ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún làwọn méjèèjì, iléèwé kan náà ni wọ́n ń lọ ní Okumagba Layout, bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n jọ ń jókòó sí. Rùqáyyàh ni àwọn àgbà mú. Islamiyat rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, ó ní, "Tíṣà àgbà, ẹ kú oríire o." Rùqáyyàh kò tíì gbàgbé ẹ̀rín yẹn. Ó ti yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tùn-ún lósì, kò sì tíì mọ irú ẹ̀rín tó jẹ́.

Ní báyìí, ọjọ́ márùn-ún péré ló kù. Àlájì Ràhímù, alága àwọn òbí, tó ń ta táyà lójú ọ̀nà Warri sí Sapele, ti sọ ọ́ láìfi ṣe àṣírí. "Rùqáyyàh, lọ́jọ́ Sátidé la máa wá wò wọ́n. Bí àwọn ọmọ bá mọ lẹ́tà, yàrá di tiyín. Bí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, a máa kó ẹní wa padà síbẹ̀. A ò lè máa fi yàrá ṣeré."

Rùqáyyàh mọ ibi tí òun yóò wà bí wọ́n bá ti yàrá náà. Ṣọ́ọ̀bù màmá rẹ̀ ni, láàárín àwọn ike àti bọ́kẹ́ẹ̀tì, ní gbogbo ọ̀sán. Yàtọ̀ sí yàrá yẹn, kò sí ibòmíràn láyé tí ẹnikẹ́ni ti ń pè é ní Àǹtí.

Kí wá ni Islamiyat ń wá? Rùqáyyàh rò ó títí tó fi délé. Ìdáhùn tó rí kò dùn mọ́ ọn nínú. Islamiyat ń fi àmì kọ́ àbúrò rẹ̀. Bó bá di Sátidé, yóò jókòó sílé. Mùízz, tí gbogbo èèyàn gbà pé òun ló mọ̀ ọ́n jù, yóò dúró níwájú àwọn àgbà, yóò wo fèrèsé, kò ní rí ẹnikẹ́ni, yóò sì la ẹnu sílẹ̀. Wọn yóò wá sọ pé Islamiyat ló yẹ kí àwọn mú.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, ó mú ìwé kan dání. Bó ṣe ń gbé páálí sókè ló ń kọ ohun tí Islamiyat ń ṣe sílẹ̀. *D: ó wúkọ́. M: ó họ imú. F: ó tún gèlè ṣe.* Nígbà tí ó tún gbé M sókè, Islamiyat kò họ imú mọ́, ńṣe ló yán. Síbẹ̀ Mùízz pè é láìṣì. Ẹlòmíràn ì bá ti jáwọ́ níbẹ̀. Rùqáyyàh kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé pé: *Ó ti pààrọ̀ àmì.*

Nígbà tí wọ́n parí, ó rí Islamiyat tó fa Mùízz sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tó sì ń sọ̀rọ̀ sí i létí. Ọmọ náà fi ìka méjì júwe nǹkan kékeré kan fún un. Bí wọ́n ṣe rí Rùqáyyàh, wọ́n dákẹ́.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, Islamiyat wọlé wá kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

"Rùqá, o ti ń sá fún mi láti àárọ̀. Mo fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀ nípa Mùízz."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀?"

"Mo mọ gbogbo ẹ̀. Imú, etí, ikọ́. O rò pé ojú mi fọ́ ni?"

Islamiyat wò ó. "Ikọ́ wo? Rùqá, wetin you dey talk?"

"Má fi Pijin bò mí lójú! Ò ń ṣe àmì fún àbúrò ẹ látojú fèrèsé kí n lè tẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Torí pé èmi ni wọ́n mú, wọn ò mú ẹ."

"Èmi?"

"Jọ̀ọ́, má jókòó sí fèrèsé mi mọ́."

"Fèrèsé ẹ? Ṣé o ti ra mọ́ṣáláṣí ni?"

"Ehn-ehn!" ni Wúrà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kékeré náà, sọ láti orí ẹní, tó ti ṣí ojú sílẹ̀ bí ẹni ń wo fíìmù. "Aunty dey vex o."

Islamiyat fa ọwọ́ àbúrò rẹ̀. Omi ti kún ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó bọ́. "Ó dáa. Nígbà tó o bá ráyè gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ, o mọ ilé wa."

Kò wá mọ́ lọ́jọ́ kejì. Ìyá wọn ló mú Mùízz wá, ó sì yára padà lọ. Rùqáyyàh pa fèrèsé dé pátápátá, ooru sì mú gbogbo wọn. Ó gbé páálí sókè pẹ̀lú ìdánilójú pé ọmọ náà yóò ṣì í.

"B! Bà-bà-bà, bàtà!"

"Èyí?"

"G! Gè-gè-gè, gèlè!"

Kò ṣì ọ̀kan ṣoṣo. Rùqáyyàh wo ògiri, ó wo òkè àjà, ó wo ojú àwọn ọmọ tó kù bóyá ọ̀kan nínú wọn ń ṣẹ́jú sí i. Kò rí nǹkan kan. Ìgbà yẹn ló wá wo ojú Mùízz fúnra rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń kọ́ ọ, kò tíì wo ibi tí ojú ọmọ náà ń lọ rí.

Ojú Mùízz kò sí lára lẹ́tà. Igun páálí ló ń wò.

Rùqáyyàh yí páálí B padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ní igun rẹ̀ nísàlẹ̀, àbàwọ́n epo pupa kan wà níbẹ̀, ó tó eékánná àtàǹpàkò. Láti ìgbà Bímbọ́lá ló ti wà, nígbà tí ọmọ kan fi ọwọ́ tó fi jẹ àkàrà dì í mú. Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ bo epo náà, ó sì gbé páálí náà sókè.

"Mùízz, èwo nìyí?"

Ọmọ náà tẹ orí sí ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́ sí òsì. Ó dákẹ́.

Rùqáyyàh ká àtàǹpàkò kúrò.

"B! Bà-bà-bà, bàtà!"

Ó gbé K sókè, ó fi ọwọ́ bo etí páálí tí eku ti jẹ. "Wúrà, sọ fún mi."

"Aunty, comot hand make I see."

"Kí lo fẹ́ rí níbẹ̀?"

"Where rat chop am. K na di one wey rat chop."

S ni èyí tí ẹnì kan fa bírò búlúù sí. G ni wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀. M ni ó ti ká ní àárín. D ni ìsàlẹ̀ kọ́ọ̀bù tíì ti ṣe àmì róbótó sí. Ọdún kan ààbọ̀ ni àwọn ọmọ náà ti ń fi páálí kan náà kọ́ ẹ̀kọ́, tí Rùqáyyàh sì ń yangàn pé àwọn ọmọ tòun kì í há lẹ́tà sórí lásán, pé bó ti wù kí òun da páálí pọ̀ tó, wọ́n ń mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Páálí ni wọ́n mọ̀. Èyí tó dàgbà ti kọ́ èyí tó kéré, bí ọmọdé ṣe máa ń kọ́ ara wọn ní eré.

Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ B gàdàgbà sójú pátákó. Ọmọ mọ́kànlá ló dákẹ́ síwájú rẹ̀. Níkẹyìn ọ̀kan na ọwọ́ sókè.

"Aunty, na eight?"

Lálẹ́ ọjọ́ náà kò jẹun yó. Ohun tó sì burú jù ni pé ìfura kò kúrò lọ́kàn rẹ̀, ibòmíràn ló yà sí. Mo fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀ nípa Mùízz, ohun tí Islamiyat sọ nìyẹn. Ó mọ̀ nígbà náà! Àbí òun ló ní kí àwọn ọmọ máa wo epo? Rùqáyyàh rántí pé epo ti wà níbẹ̀ kí òun tàbí Islamiyat tó wọ yàrá náà, ó sì gbé èrò yẹn tì. Ṣùgbọ́n bí Islamiyat bá mọ̀, ta ni kò ní jẹ́ kó wá sọ ọ́ níwájú gbogbo èèyàn lọ́jọ́ Sátidé?

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó gé páálí tuntun, ó kọ lẹ́tà sí wọn, wọ́n mọ́ tónítóní. Ó fi dán àwọn ọmọ wò lẹ́yìn ìrun. Nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, mẹ́ta ni wọ́n mọ̀, ìyẹn O, A àti I. Bó ṣe di àárọ̀ Sátidé, ó kó páálí àtijọ́ àti tuntun sínú báàgì kan. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ọwọ́ rẹ̀ nínú báàgì, títí tó fi gbọ́ ohùn Àlájì.

"Ọjọ́ kan ṣoṣo ni," ó sọ fún ara rẹ̀. "Láti ọjọ́ Mọ́ńdè, màá kọ́ wọn dáadáa."

Páálí àtijọ́ ló mú jáde.

Yàrá kún. Àwọn bàbá jókòó sórí àga, àwọn ìyá dúró sára ògiri, màmá Rùqáyyàh náà ti ṣọ́ọ̀bù pa wá. Fèrèsé wà ní ṣíṣí nítorí ooru. Rùqáyyàh gbójú sókè, ó sì rí Islamiyat níta, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń wò ó.

Ìdí rẹ̀ nìyí tó fi wá, Rùqáyyàh rò. Ó gbé páálí àkọ́kọ́ sókè.

"K! Kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀, kẹ̀kẹ́!"

Àtẹ́wọ́ sọ. Wúrà pe D, ó pe F. Mùízz pe mẹ́jọ léraléra láìmí. Ìyá kan ń fi fóònù ká a sílẹ̀. "Mà-á-ṣà-Allah!" ni wọ́n ń sọ. Rùqáyyàh ń yọ́jú wo fèrèsé lẹ́yìn páálí kọ̀ọ̀kan. Islamiyat kò sọ nǹkan kan.

Àlájì Ràhímù dìde, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ki ọwọ́ bọ àpò agbádá rẹ̀, ó sì fa bisikíìtì kan yọ. "Ìwọ Mùízz, wá níbí. Tìẹ nìyí. Àmọ́ kọ́kọ́ sọ fún mi, lẹ́tà wo ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ tó wà lára ẹ̀ yìí?" Ó fi ìka tọ́ka sí B ńlá kan.

Mùízz gba bisikíìtì náà. Ó wo igun rẹ̀. Ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó gbé e sún mọ́ imú, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó wá gbójú sókè sí Àlájì pẹ̀lú àánú.

"Uncle, oil no dey dis one."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. "Ó ní kò sí òróró nínú bisikíìtì!" ni bàbá kan pariwo. Àlájì di ikùn mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dé ojú rẹ̀. "Ọmọ Warri! Ebi ló ń pa á, ẹ jẹ́ kó máa jẹ ẹ́." Ó na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ yàrá tó wà lórí tábìlì. "Rùqáyyàh, wá gba kọ́kọ́rọ́ ẹ."

Èèyàn méjì péré ni kò rẹ́rìn-ín. Rùqáyyàh tún wo fèrèsé. Islamiyat ṣì dúró síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ pa dé. Rùqáyyàh wá rí i pé kò ní là á. Ọ̀rẹ́ tí òun ti ń ṣọ́ láti ọjọ́ Mọ́ńdè ń bo òun láṣìírí. Bí òun bá gba kọ́kọ́rọ́ yìí, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Mùízz yóò máa wá epo kiri lára gbogbo ìwé tó bá ṣí láyé rẹ̀.

"Àlájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fún mi."

Ẹ̀rín náà rọlẹ̀.

"Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ òróró inú bisikíìtì. Epo ara páálí ló ń wá. Wọn ò mọ lẹ́tà, sà. Àbàwọ́n ara páálí ni wọ́n mọ̀. Ọjọ́bọ̀ ni mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì fi pamọ́ fún yín." Ó mú páálí tuntun jáde kúrò nínú báàgì, ó gbé B sókè. Àwọn ọmọ wò ó, wọ́n dákẹ́. Ó gbé K sókè. Wọ́n dákẹ́. Ojú ń ti màmá rẹ̀ débi pé ó wo ilẹ̀.

Àlájì fi kọ́kọ́rọ́ padà sápò, díẹ̀díẹ̀. "O ṣeun tó o sọ ọ́," ó ní. "Àmọ́ o tàn wá jẹ kó o tó sọ ọ́. Yàrá di ti ẹní. Ọjọ́ tí àwọn ọmọ yìí bá mọ lẹ́tà tí kò lépo, ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù mi."

Níta, Rùqáyyàh bá Islamiyat lórí búlọ́ọ̀kù. Ó dúró síwájú rẹ̀ bí ọmọ tó pẹ́ dé iléèwé.

"Mo fi B tó wà lára agolo mílíìkì hàn án nílé," Islamiyat sọ láìwò ó. "Ó ní òun ò rí epo níbẹ̀. Mo ń bi í lọ́jọ́ tó o rí wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pé epo wo, ó wá fi ìka júwe bó ṣe tóbi tó. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè nìyẹn."

"Àti imú tí ò ń họ?"

"Ọ̀fìnkìn ló ń ṣe mí, ìwọ ọmọ yìí! Ṣé o mọ bí eruku búlọ́ọ̀kù yìí ṣe pọ̀ tó?"

Rùqáyyàh fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. "Kí ló dé tó ò sọ ọ́ nínú ibẹ̀?"

"Mo ń wò bóyá wàá sọ ọ́ fúnra ẹ."

"Islamiyat, jọ̀ọ́, má bínú. Mo ṣẹ̀ ẹ́."

"Mo bínú o. Mo ṣì ń bínú." Ó sún díẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù, kí àyè lè gba ẹnì kejì. "Jókòó. Báwo la ṣe fẹ́ kọ́ wọn?"

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, ṣọ́ọ̀bù ike ni Rùqáyyàh ń lọ lẹ́yìn iléèwé. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni màmá rẹ̀ yọ̀ǹda fún un. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Islamiyat ni wọ́n ń lò, àwọn méjèèjì ló sì jọ ń kọ́ wọn. Wọn ò lo páálí kan náà lẹ́ẹ̀mejì mọ́. Wọ́n kọ lẹ́tà sórí iyẹ̀pẹ̀, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri, wọ́n gé e lára nàílọ́ọ̀nù àti ìwé ìròyìn àtijọ́, kékeré àti ńlá. Àwọn ọmọ fi ìka tọ ipa rẹ̀. Ọmọ tó bá pe lẹ́tà gbọ́dọ̀ sọ ohun tó rí tó fi mọ̀ ọ́n. Nígbà àkọ́kọ́, ó nira bí ẹni tí kò tíì kọ́ nǹkan kan rí. Ọmọ méjì ò wá mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, wọ́n to àwọn mẹ́sàn-án tó kù lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n kó wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù táyà lójú ọ̀nà Warri sí Sapele. Àlájì Ràhímù wò wọ́n láti òkè délẹ̀. Kò béèrè ohun tí wọ́n bá wá. Ó mú ṣọ́ọ̀kì funfun tó fi ń sàmì sí ọjà, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì kọ B wíwọ́ kan sára táyà ọkọ̀ akẹ́rù.

"Mùízz."

Mùízz rìn yí táyà náà ká. Rùqáyyàh di ọwọ́ Islamiyat mú. Ọmọ náà dúró, ó wo lẹ́tà náà gan-an.

"B! Bà-bà-bà, bàtà!"

"Ta ló sọ fún ẹ? Epo ò sí níbẹ̀."

"Uncle, e get belle two." Ó fi ọwọ́ ya ikùn méjèèjì náà sínú afẹ́fẹ́, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ó wá wo iwájú agbádá Àlájì. "Your own na one."

Àlájì fọwọ́ bo ikùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Ó dán gbogbo wọn wò, títí ṣọ́ọ̀kì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó yọ kọ́kọ́rọ́ kan nínú àpò, ó nà án sí Rùqáyyàh.

Rùqáyyàh gbà á. Fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ó ti ṣọ́ imú àti etí ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sì wo ojú ọmọ tó ń kọ́. Ẹni tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́ gan-an ló lé jáde, ó sì tún fẹ́ fi irọ́ ọjọ́ kan tún un ṣe. Ó ti wá mọ̀ pé ó yẹ kí òun kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ẹni tí òun ń fura sí, àti pé ìyìn tí a fi ẹ̀tàn gbà kò lè kọ́ ọmọ kankan ní lẹ́tà kan.

Ó fi kọ́kọ́rọ́ náà sọ́wọ́ Islamiyat.

"Tíṣà àgbà," ó ní, "ẹ kú oríire o."

Islamiyat bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tó rín lọ́jọ́ tí wọ́n mú Rùqáyyàh náà ni. Rùqáyyàh gbọ́ ọ dáadáa lọ́tẹ̀ yìí, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju ẹ̀rín lọ.